Háídírójìn: Ṣé Omi Lè Di Epo Ọkọ̀?

Ìpọ̀nrí tí mo fẹ́ mẹ́nu bà kì í ṣe ìpọ̀nrí tí àwọn baba wa máa ń bọ. Ìpọ̀nrí ti Súrùlérè ní Èkó ni, níbi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Dánfó ni wọ́n ń wà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń pa lójúmọ́.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá sí gáréèjì. Ó ní òun ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ó so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Omi lásán ni a ó máa bù sí i, ẹ̀rọ náà yóò sì yọ gáàsì háídírójìn nínú omi fún ọkọ̀ láti máa jó. Bàbá Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èsúsú wọn ni. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, kí ni o rí sí ọ̀rọ̀ yìí?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, Yorùbá ni mò ń kọ́." Wọ́n ní, "Ṣé Yorùbá kò mọ ohun tí ń jẹ́ iná àti omi ni?" Ìbéèrè yìí ni ó lé mi lọ sí yàrá ìkàwé.

1. Kí ni háídírójìn?

Henry Cavendish, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi hàn ní ọdún 1766 pé ohun ọ̀tọ̀ ni gáàsì yìí. Lavoisier, ará Faransé, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń bí omi, nítorí pé bí ó bá jó nínú afẹ́fẹ́, omi ni ó ń dà. Kílógíráàmù kan rẹ̀ ní agbára tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti kílógíráàmù epo bẹntiróòlù kan. Ọkọ̀ tí ń lò ó sì wà: Toyota gbé Mirai jáde ní ọdún 2014. Nínú ọkọ̀ yìí, háídírójìn kì í jó. Ẹ̀rọ kan ni ó ń pa á pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ láti pèsè iná mànàmáná, omi nìkan ni ó sì ń kán sílẹ̀.

2. Ìṣòro ibi tí a ti ń rí i

Háídírójìn kì í sábà dá wà. Ó máa ń so mọ́ nǹkan mìíràn. Inú gáàsì ilẹ̀ ni a ti ń yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èéfín kábọ́nì tí ń mú ayé gbóná sì ń ti ibẹ̀ jáde. A lè fi iná mànàmáná yọ ọ́ lára omi, ṣùgbọ́n kílógíráàmù kan ń gba bí 50 yúníìtì iná tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè wa, tí iná gbogbogbòò dà wó lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, níbo ni a ó ti rí i?

3. Ìṣòro ìpamọ́ àti ewu

Háídírójìn fúyẹ́ púpọ̀. Kí èyí tí ó tó ìrìn àjò tó lè gba inú táǹkì, a ní láti fún un pọ̀ dé 700 bar. Afẹ́fẹ́ tí fọganáísà ń fún sí táyà ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bí 2 bar lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, agbára tí ó wà nínú lítà kan rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà ti lítà epo kan. Bí a bá sì fẹ́ kí ó di olómi, ó gbọ́dọ̀ tutù dé 253 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Kò ní òórùn, iná rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú ọ̀sán, ẹ̀ta iná kékeré sì tó láti ràn án. Ó máa ń wọ inú irin mìíràn títí irin náà yóò fi máa sán. Kódà ní Kalifọ́níà, Shell ti àwọn ibùdó háídírójìn rẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré pa ní ọdún 2024.

4. Ohun tí mo sọ nílé

Yorùbá ní, iná kú, ó feérú bojú. Omi ni eérú háídírójìn. Mo bi Bàbá Kékeré bóyá ìyàwó wọn lè fi eérú àná se oúnjẹ òní. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ara bátìrì ni iná tí yóò yọ gáàsì náà yóò ti wá. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń fún bátìrì ní iná, epo ni ẹ́ńjìnnì sì ń mu. Agbára tí ẹ ó ná pọ̀ ju èyí tí gáàsì náà yóò dá padà fún yín. Ẹni tí ó fi náírà mẹ́wàá ra náírà méje, èrè wo ni ó jẹ?"

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo ti san ìdajì." Ìdajì náà kò padà di òní, ṣùgbọ́n wọn kò san èyí tí ó kù. Wọ́n wá ń béèrè nípa CNG tí ìjọba àpapọ̀ ń polówó láti ọdún 2023. Mo ṣàlàyé pé ìyẹn kì í ṣe háídírójìn. Gáàsì ilẹ̀ tí a fún pọ̀ ni, ó sì ń jó nínú ẹ́ńjìnnì bí epo.

5. Àkótán

Háídírójìn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orísun agbára bí kò ṣe igbá tí a fi ń gbé agbára. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò bù sínú igbá, kí ni yóò fi igbá ṣe? Èmi àti ẹ̀yin tí a ń kọ́ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí pẹ̀lú. Yorùbá ni ọkùnrin yẹn fi ta ọjà rẹ̀, ó sì yé gbogbo gáréèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí ì bá kìlọ̀ fún Bàbá Kékeré.