Ibi Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Ti Ń Wá Láíbìrì Rẹ̀

Ní oríta Ndokoti, ní ìlú Douala, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń rí àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ rà. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí kò ní láti kó ẹ̀yà púpọ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta ọkọ̀ fún ará Garoua, tí ó sì wí fún un pé, “Bí nǹkan bá bàjẹ́, bi aládùúgbò mi,” ọ̀rọ̀ náà kò ní wúlò fún oníbàárà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà àti láíbìrì àjọlò rí.

Láíbìrì àjọlò ni fáìlì tí a kó iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò sí, kí olúkúlùkù má baà máa gbé tirẹ̀ kiri. Lórí Linux, libz.so.1 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí a bá tún àbùkù inú rẹ̀ ṣe, gbogbo ètò tí ń lò ó ni yóò jàǹfààní.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń wá láíbìrì. Ìgbà èkíní ni ìgbà tí a ń to ètò pọ̀. Àmì -L ni a fi ń tọ́ka ibi tí ó wà. Ìgbà èkejì ni ìgbà tí ẹni tí ó gba ètò náà bá ṣí i. Ọ̀nà tí a fi -L tọ́ka kì í bá ètò náà dé ilé ẹlòmíràn.

Ní ìgbà èkejì yìí, báyìí ni Linux tí ń lo glibc ṣe ń wá a ní ìtẹ̀léra:

1. RPATH, ọ̀nà tí a kọ sínú ètò náà, bí kò bá sí RUNPATH nínú rẹ̀.
2. LD_LIBRARY_PATH, tí ẹni tí ń lo ẹ̀rọ fi lélẹ̀.
3. RUNPATH, tí a kọ sínú ètò náà pẹ̀lú.
4. Àkọsílẹ̀ /etc/ld.so.cache, tí àṣẹ ldconfig ń ṣe.
5. /lib àti /usr/lib.

Ibi tí a bá ti kọ́kọ́ rí i ni a ń mú un. Nítorí náà, bí RPATH bá tọ́ka sí /tmp, níbi tí ẹnikẹ́ni lè kó fáìlì sí, ọ̀tá lè fi ayédèrú láíbìrì síbẹ̀, ètò náà yóò sì gbé e. Bí ó bá sì tọ́ka sí ilé ẹni tí ó tò ó, ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó sì kọ̀ ní ibòmíràn.

Kí ni kí a ṣe? Bí láíbìrì bá wà ní ibi tí gbogbo ayé mọ̀, kí a má kọ ọ̀nà kankan sínú ètò. Bí ètò bá gbé láíbìrì tirẹ̀ dání, kí a kọ $ORIGIN/../lib; ìtumọ̀ $ORIGIN ni “ibi tí ètò yìí wà,” níbikíbi tí a bá gbé e lọ. Ìdánwò nìkan ni kí a fi LD_LIBRARY_PATH ṣe, nítorí ó lè ṣi àwọn ètò mìíràn lọ́nà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó fi ètò ránṣẹ́, ẹ fi readelf -d wo ọ̀nà tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì dán an wò lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe èyí tí ẹ fi tò ó.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàtọ̀ láàárín -L àti RPATH? Èéṣe tí /tmp fi léwu?