Òfì Olómù Púpọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bá tan, ti ń hun aṣọ olọ́nà lórí òfì ìnàró láti ìgbà pípẹ́. Ìka ni wọ́n fi ń ṣa òwú ọnà. Lára iṣẹ́ wọn ni ìtàgbè tí àwọn Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká.

Òfì olómù púpọ̀ gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìka yìí fún ẹsẹ̀. Omù ni férémù tí ń gbé òwú títa sókè nígbà tí a bá tẹ ìtẹsẹ̀. Omù 2 lè gbé òwú ní ọ̀nà 2 péré. Omù 4 lè gbé e ní ọ̀nà 14.

Ẹ kọ́ láti mọ orísun àléébù. Bí ó bá gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin, òwú kan ti gba ojú omù tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá dábùú aṣọ, ìtẹsẹ̀ ni a ṣì tẹ̀. Ẹ tú u dé ibẹ̀, kí ẹ tún un hun.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa ń mú igi wú, ó sì ń mú irin dípẹtà. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí, ẹ dẹ òwú títa. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ìyarun irin tí a fi ń lu òwú mọ́ra. Ẹ má ṣe da epo sí ibi tí òwú ń gbà. Ẹ pààrọ̀ okùn ìtẹsẹ̀ tí ó ti gbó kí ó tó já.

Jóòbù fi ọjọ́ ayé wé ọkọ̀ ahunṣọ nítorí ìyára rẹ̀. Ọkọ̀ a máa yára, ṣùgbọ́n títo òwú ń fẹ́ sùúrù. Bí àwọn ìyá wa bá lọ láìsí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, ọnà wọn yóò bá wọn lọ.