Ẹ̀kọ́ Kẹta: Owó Ìjọba fún Dídènà Omíyalé, àti Bí Àdúgbò Ṣe Lè Béèrè fún Un

 

Láti ìgbà tí omi ti fà, ìbéèrè kan ni mo ń gbọ́ jù ní gbogbo ìjọ tí mo bá dé: “Kí ni ìjọba máa fún wa?” Ìdáhùn rẹ̀ la fẹ́ kọ́ lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń dúró de owó tí kò ní wá, tí a kò sì béèrè èyí tó lè wá.

Oríṣi owó méjì

Èkíní ni owó ìrànwọ́. Òun ni ìrẹsì, ẹní, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti páànù díẹ̀ tí NEMA àti àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ máa ń pín. Ó ń gbẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kì í tó ilé kọ́.

Èkejì ni owó ìdènà. Eléyìí kì í wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ojú àgbàrá, kọ́fátì, afárá, gbígbẹ́ odò àti ètò ìkìlọ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe, kí omi tó tún dé. Irú ọgbọ́n Jósẹ́fù ní Íjíbítì ni: ìgbà tí oúnjẹ wà ló ti ń palẹ̀ mọ́ de ìyàn.

Ọdún 1981 ni ìjọba àpapọ̀ dá Ecological Fund sílẹ̀ fún omíyalé, ọ̀gbàrá tó ń jẹ ilẹ̀, ọ̀dá àti irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Inú owó tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín lóṣooṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sì ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Nítorí náà, àdúgbò tó bá lọ bá káńsù kò ṣagbe. Ohun tó tọ́ sí i ló lọ béèrè.

Ohun tí Ìbàdàn kọ́ wa

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fẹ odò yẹn, tí wọ́n fi kọnkéré mọ ọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé ọdún 31, omi tún dé sí ìlú náà. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, afárá sì já káàkiri, títí kan ti Apẹ́tẹ́. Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé ní Ìbàdàn: afárá, kọ́fátì, ojú àgbàrá, ìsédò Ẹlẹ́yẹlé àti ètò ìkìlọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó náà, òjò kò sì dúró de ìwé. Lẹ́yìn èyí, owó yíyá ni. Àwa àti àwọn ọmọ wa la máa san án, nítorí náà a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe.

Àṣìṣe tiwa

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a fún ìdílé kan létí odò ní páànù tuntun. Inú wa dùn, a ya fọ́tò. Òjò ọdún kejì gbé ògiri, ó gbé páànù. Màmá tó ni ilé náà wí fún mi pé, “Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n páànù kì í dá omi dúró. Kọ́fátì ìsàlẹ̀ yẹn tó dí ló ń pa wá.” Òun ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀; a kò kàn bi í ni. Láti ìgbà yẹn, a kì í pín ohun ìkọ́lé mọ́ láìkọ́kọ́ bá àdúgbò tọ ipa omi.

Ohun tí ẹ lè ṣe báyìí

Tí a bá ń sunkún, à máa ríran.

1. Kí ojú omi tó gbẹ kúrò lára ògiri, ẹ fi ọ̀dà sàmì síbi tó ga dé, kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí.
2. Ẹ tọ ipa omi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibo ló ti dí? Ta ló kọ́lé tàbí da ìdọ̀tí sójú ọ̀nà rẹ̀?
3. Ẹ yan ìgbìmọ̀ kan: baálẹ̀, ìjọ, mọ́sálásí, ìyálọ́jà, àwọn ọ̀dọ́. Omi kò yan ẹlẹ́sìn.
4. Ẹ kọ ìwé kan ṣoṣo sí alága káńsù, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ àti ọ̀dọ̀ aṣòfin yín. Ẹ béèrè iṣẹ́ kan pàtó, bíi kọ́fátì tó dí, kì í ṣe “ìrànlọ́wọ́” lásán. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.
5. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní òun ń ta fọ́ọ̀mù owó omíyalé.

Ilé tiyín ńkọ́?

Kí ìpìlẹ̀ ga ju àmì omi lọ. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ṣe ìsàlẹ̀ ògiri, kì í ṣe amọ̀. Ẹ má fi fẹ́ǹsì dí ọ̀nà omi.

Ẹ̀yin tí ilé yín sún mọ́ odò, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó síbẹ̀ títí ẹ ó fi béèrè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ odò, ilé yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa kọ “X” sí. Bí ẹ kò bá ní ilẹ̀ mìíràn, ẹ wá bá wa. A ó bá yín lọ bá àwọn aláṣẹ.

Fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́ yín

Ibo ni omi ti kọ́kọ́ wọ àdúgbò wa? Iṣẹ́ kan ṣoṣo wo la máa béèrè? Ta ni yóò mú ìwé náà lọ, ọjọ́ wo sì ni?