Kí A Tó Wó Balùwẹ̀

Onílé tí ó bá fẹ́ wó balùwẹ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò kó àwókù sí kí ó tó gbé òòlù. Ògiri tí a wó a máa gba àyè ju èyí tí ó dúró lọ: bí ìdúró rẹ̀ bá tó ẹrù ọkọ̀ méjì, ẹ múra sílẹ̀ fún mẹ́ta. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tí ó fọ́ dí kòtò àgbàlá. Ẹ kó ìyókù lọ kí òjò tó dé.

Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà. Ní oṣù Ògọ́sì 1980, odò Ògùnpa tí ìdọ̀tí ti dí kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gọ́tà tí ẹ bá dí, ilé aládùúgbò yín ni omi rẹ̀ yóò yà sí.