Ẹ Má Dáná Sun Pòròpórò Àgbàdo: Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ Ìbògún àti Agbègbè Ifọ̀

Bí ọyẹ́ bá dé lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a dáná sun pòròpórò, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù sì ń rù. Òfò ńlá nìyẹn. Ó ju ìdajì pòròpórò gbígbẹ lọ tó jẹ́ ṣúgà tí igi àgbàdo so pọ̀ kí ó lè dúró. Ohun líle kan tí wọ́n ń pè ní lignin ló dì í pa bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń di òkúta wẹ́wẹ́ mú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ lè tú ṣúgà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí lignin bá dínà mọ́ wọn, ìgbẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá jáde.

Nítorí náà, ó yẹ kí á tọ́jú pòròpórò kí ẹran tó jẹ ẹ́. Gígé e wẹ́wẹ́ dára, àmọ́ gígé nìkan kò tó. Ẹ po kílò 4 ajílẹ̀ yùríà mọ́ lítà omi 50, ẹ wọ́n ọn sórí kílò 100 pòròpórò gbígbẹ tí ẹ ti gé, ní ìpele-ìpele. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá dé e pinpin fún ọjọ́ 21. Yùríà yóò di amóníà, amóníà yóò sì tú ohun tó so lignin mọ́ ṣúgà. Ọgbọ́n títú lignin yìí ti pẹ́: nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ ni wọ́n fi ń ṣètọ́jú koríko gbígbẹ fún ẹran ní Jámánì.

Àwọn kan yóò ní májèlé ni yùríà. Òótọ́ ni, bí ẹran bá jẹ ẹ́ lásán tàbí tó mu omi rẹ̀, ó lè kú. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí á sì tẹ́ pòròpórò náà sáfẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan sí méjì kí òórùn amóníà lè lọ. Kò yẹ fún ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ, tàbí ọmọ ẹran tí kò tíì pé oṣù 6. Àwọn mìíràn yóò ní eérú ń ṣe ilẹ̀ lóore. Pọ́táṣì wà nínú eérú lóòótọ́, ṣùgbọ́n náítírójìn ti bá èéfín lọ. Ìgbẹ́ ẹran ló ń dá a padà sóko. Ti owó ńkọ́? Kílò 4 kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àpò yùríà oníkílò 50. Ẹ fi èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ sá gbẹ kún oúnjẹ náà, nítorí pòròpórò nìkan kò lè mú ẹran sanra. Ẹ fi kílò 100 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, kí ẹ sì wo ìyókù tí ẹran bá ṣẹ́ kù sínú ọpọ́n: òun ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó tọ́ láti ṣe púpọ̀ sí i.