Ẹ̀kọ́: Èéfín ń jẹ agbára èémí wa

Ẹ̀dọ̀fóró ni a fi ń mí. Bí ọmọ ti ń dàgbà ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń dàgbà. Nígbà tí ènìyàn bá tó nǹkan bí ọdún 20 sí 25, agbára rẹ̀ pé. Lẹ́yìn ọdún 35, agbára náà ń dínkù díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n èéfín sìgá, èéfín igi ìdáná àti ti ibi tí a ti ń yan gàrí ń mú un dínkù kíákíá. Ọmọ tí a pọ̀n sídìí iná ń fa èéfín náà símú. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè má dàgbà tó bí ó ti yẹ. Lọ́jọ́ iwájú, bí ó bá kọ ebè díẹ̀, ó lè máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ má ṣe rò pé ogbó nìkan ni.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ máa dáná níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.
2. Ẹ máa fi igi gbígbẹ dáná. Igi tútù ní èéfín púpọ̀.
3. Ẹ má ṣe pọn ọmọ sídìí iná.
4. Ẹ má ṣe mu sìgá. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀, agbára tí ó kù fún un yóò pẹ́.
5. Bí ikọ́ bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Ìbéèrè: Níbo ni èéfín ti pọ̀ jù nínú ilé yín? Kí ni ẹ lè yí padà níbẹ̀?