Ṣé Mọ́sálásí Àtijọ́ Náà Ni Èyí?



Ìbéèrè ìyá àgbà kan ní Ìkirè ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà èwe wọn, wọ́n wà lára àwọn ọmọ tí ó ru omi tí a fi po amọ̀ mọ́sálásí àdúgbò wọn. Nígbà tí ó yá, a wó ògiri amọ̀ náà, a sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn sí ojú rẹ̀. Ìyá ní: “Àáfà, ṣé omi tí mo rù ṣì wà níbẹ̀?”

Ẹ má fi ìbéèrè yìí ṣeré o. Àwọn onímímọ̀ àtijọ́ jiyàn lórí rẹ̀ gidigidi. Àwọn Ash'ariyyah, tí à ń kọ́ ìlànà wọn nínú ìmọ̀ táwhíìdì, sọ pé ègé tíntìntín tí kò ṣeé pín mọ́ ni ó para pọ̀ di ohun gbogbo tí a lè fọwọ́ kàn. Jawhar ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀, ooru àti ìrìn tí ó wà lára rẹ̀ ni 'arad. Wọ́n ní 'arad kì í wà di ìṣẹ́jú kejì: bí ó ti ń lọ ni Ọlọ́hun ń dá irú rẹ̀ mìíràn. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, funfun ara ògiri tí ẹ rí láàárọ̀ yìí kì í ṣe ti àná.

Wọ́n a máa pìtàn pé Bahmanyar, akẹ́kọ̀ọ́ Ibn Sina (ẹni tí ó kú ní 1037), ń jiyàn pé kò dájú pé ẹni àná ni ẹni òní. Ibn Sina dákẹ́. Nígbà tí Bahmanyar ní kí ó fèsì, ó ní òun kọ́ ni ẹni tí ó bi ní ìbéèrè. (Kí onígbèsè kankan ní ọjà Àpòmù má gbọ́ èyí o!)

Imam Ghazali gbé e dé orí àjíǹde nínú Tahafut, ìwé tí ó parí ní 1095. Ara tí ó ti di erùpẹ̀ ńkọ́? Ó ní bí Ọlọ́hun bá tilẹ̀ fi erùpẹ̀ mìíràn mọ ara fún un, ẹni náà ṣì ni, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi jẹ́ ẹni tí ó jẹ́. Ṣebí láti kékeré ni ara wa ti ń sanra, tí ó ń rù, tí oúnjẹ sì ń pààrọ̀ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ògiri kò ní ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ kí á wo Ka'bah fúnra rẹ̀. Ìran Kùráíṣì tún un kọ́ kí Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) tó gba iṣẹ́ ìríńṣẹ́. Ibn Zubayr wó o, ó tún un kọ́. Hajjaj tún yí i padà ní nǹkan bí 693. Ní 1630, àgbàrá wó o, wọ́n sì tún un kọ́ ní ayé Sultan Murad Kẹrin. Nígbà tí ti Ibn Zubayr wà ní wíwó, igi àti aṣọ ni wọ́n fi yí ojú ibẹ̀ ká, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kọjú sí kírun. Kò sí ẹni tí ó ní kíbúlà ti yí.

Lójú tèmi, ilẹ̀ àti èrò ọkàn àwọn tí ó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun ni mọ́sálásí. Ìdí nìyí tí mọ́sálásí tí ó wó kì í fi í di ilẹ̀ títà lọ́dọ̀ àwa ọmọ Máálíkì.

Mo sọ fún ìyá pé omi wọn ti gbẹ kí a tó kan òrùlé àkọ́kọ́ pàápàá. Ẹ̀san wọn kò sí nínú amọ̀ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fi ibi tí mìhírábù àtijọ́ wà han àwọn. Ojú ibẹ̀ náà ni ti òní wà.